Ṣé eré sísá àti fífò máa ń jẹ́ kí ọpọlọ ọmọ kékeré jí pépé?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń ràn án lọ́wọ́, pàápàá nínú ìfọkànsí àti ìkóra-ẹni-níjàánu, àmọ́ kì í ṣe pé ó ń sọ ọmọ di ọ̀jọ̀gbọ́n lóru ọjọ́ kan. Eré tó ní òfin wúlò gan-an: nínú tẹ́ń-tẹ́ń, ọmọ á máa pàtẹ́wọ́, á máa ṣọ́ ẹsẹ̀ ẹnì kejì rẹ̀, á sì tètè pinnu èyí tí òun fẹ́ nà. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ọdún 2019 ni pé kí ọmọ ọdún 3 sí 4 máa ta pọ́únpọ́ún kiri fún wákàtí 3 ó kéré tán lójúmọ́, kí wákàtí 1 nínú rẹ̀ jẹ́ eré tó ń mú un mí hẹlẹ. Ti ọmọ tó ní ikọ́ fée tàbí àìsàn ọkàn yàtọ̀. Dókítà ló máa sọ èyí tó bá a mu.