Ohun Tí Akọ̀ròyìn Kò Kọ Sínú Ìròyìn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n wa. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ ìròyìn ìlera fún ìwé ìròyìn, mo sì fẹ́ fẹ̀yìn tì lọ́dún yìí. Àwọn ìwé àkọsílẹ̀ mi kún àpótí méjì. Mo fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé mi, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo bá kọ ló ń dún bí ìròyìn, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ìtàn àwọn aláìsàn ni mo ní, n kò ní tèmi. Báwo ni ẹ̀yin ṣe ṣe é nígbà tí ẹ kúrò nídìí ìròyìn? (Òǹkàwé kan, Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Èmi náà kọ́kọ́ kọ ọ́ bí ìròyìn. Odindi oṣù mẹ́fà ni mo fi kọ orí kan lórí ètò Abíyè, èyí tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó bẹ̀rẹ̀ ní 2009 láti dín ikú àwọn aláboyún kù. Kò sí ọdún tí ó ṣì, kò sí orúkọ tí ó sọnù nínú rẹ̀. Nígbà tí mo kà á fún àbúrò mi obìnrin, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ wà nínú rẹ̀?” N kò rí èsì fọ̀, nítorí pé iṣẹ́ wa ló kọ́ wa láti fara pamọ́, ẹni tí ó bá sì ti fara pamọ́ fún ogún ọdún kì í rọrùn fún un láti jáde síta.

Opó kan ló là mí lójú. Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan tí ibà Lassa ń jà ní agbègbè Ọ̀wọ̀, mo lọ bá obìnrin yìí, tí àìsàn náà ti pa ọkọ rẹ̀. Ó ti kọ́ nípa eku. Ó mọ̀ pé ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku tí ó bá kan oúnjẹ ni àìsàn náà sábà máa ń gbà ran ènìyàn, nítorí náà ó fi ìdérí irin dé abọ́ gàrí rẹ̀, ó sì gbé òkúta lé e. Ó gbé òkúta náà kúrò, ó bu gàrí, ó da omi sí i, ó ju ṣúgà oníhóró mẹ́ta sínú rẹ̀, ó gbé e síwájú mi. Mo ní mo ń gbààwẹ̀. Irọ́ ni. Èmi tí mo ti ń kọ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé kí àwọn ènìyàn máa dé oúnjẹ wọn kí ọkàn wọn lè balẹ̀, ẹ̀rù gàrí tí wọ́n fi òkúta dé bà mí. Obìnrin náà kò sọ nǹkan kan. Ó gbé abọ́ náà fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ náà sì mu ún tán lójú mi. Ìròyìn tí mo kọ lọ́jọ́ kejì dára, òótọ́ sì ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ n kò fi ààwẹ̀ yẹn síbẹ̀. Ibi ààwẹ̀ yẹn ni ìwé mi ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ wá ohun tí ẹ fi sílẹ̀ nígbà náà nínú àpótí méjèèjì. Tiyín nìyẹn. Ti àwọn aláìsàn kì í ṣe tiyín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọwọ́ yín ló kọ ọ́. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 ti sọ ọ̀rọ̀ aláìsàn di àṣírí fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn. Èrò tèmi ni pé ó yẹ kí ó wúwo lọ́kàn akọ̀ròyìn náà, nítorí pé ẹni tí ó gbà kí ọ̀rọ̀ òun jáde nínú ìwé ìròyìn òwúrọ̀ ọjọ́ kan kò tíì gbà pé kí ó wà nínú ìwé tí ọmọ ọmọ rẹ̀ lè kà. Mo padà tọ opó náà lọ kí n tó tẹ ìwé mi. Ó ní kí n yọ orúkọ abúlé òun kúrò àti iye ọmọ òun, mo sì yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín pé òun mọ̀ pé n kò gbààwẹ̀, nítorí pé omi inú ọ̀rá ni mo ń mu nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà.

ÌBÉÈRÈ: Ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, n kò sì rántí nǹkan dáadáa mọ́. Ṣé mo ṣì lè kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀? (Òǹkàwé kan, Oǹdó)

ÌDÁHÙN: Ẹ lè kọ ọ́, bí ẹ bá ti lè máa yẹ ìrántí yín wò lára ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ nígbà náà. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi pé Ebola ti pẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí kí irọ́ pé wíwẹ̀ pẹ̀lú omi iyọ̀ ń dènà rẹ̀ tó gbòde, pé ìpayà ti sú wa ni a ṣe gbà á gbọ́. Àlàyé náà dùn mọ́ mi. Ìwé àkọsílẹ̀ mi ló já a: ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014 ni ẹni àkọ́kọ́ gbé àìsàn náà wọ Èkó láti Làìbéríà, òru ọjọ́ 7 mọ́jú ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ni ìpè sì ń wọlé pé kí a fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò pé ogún ọjọ́ láàárín wọn. Ìpayà kò tíì sú ẹnikẹ́ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú wa ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ewé náà ni mo ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ pé ìyá mi gbé garawa omi iyọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi láago mẹ́rin ìdájí, pé mo ṣàlàyé fún un gẹ́gẹ́ bí akọ̀ròyìn ìlera pé irọ́ ni, pé ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì kúrò níbẹ̀ títí mo fi wẹ̀.