Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú méjì lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan: ta ni yóò dáhùn bí ọkọ̀ àkọ́kọ́ bá pẹ́?

Ìbéèrè: Ìyá wa, ẹni ọdún 68, fẹ́ gbéra láti Èkó lọ sí Minneapolis ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n lè bá àbúrò mi tọ́jú ìkókó. Wọ́n ti gba físà Amẹ́ríkà. Ajẹ́ǹtì àkọ́kọ́ tí mo lọ bá ní KLM ni yóò gbé wọn dé Amsterdam, tí Delta yóò sì gbé wọn láti ibẹ̀ dé Minneapolis, lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Èkejì ní òun lè ra ìrìn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, owó rẹ̀ yóò sì dín díẹ̀. Ṣé ó ṣeé ṣe lóòótọ́ kí ilé iṣẹ́ méjì wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan? Bí ọkọ̀ Èkó bá pẹ́, ta ni kí a mú?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe, ó sì wọ́pọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú a máa bá ara wọn ṣe àdéhùn tí wọ́n ń pè ní interline, nínú èyí tí ọ̀kan ti lè ta ìjókòó inú ọkọ̀ èkejì, tí èkejì yóò gba èrò náà àti ẹrù rẹ̀ wọlé, tí wọn yóò sì pín owó rẹ̀ láàárín ara wọn nígbà tó bá yá. Ti KLM àti Delta tilẹ̀ jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ, nítorí pé wọ́n jọ ń ṣòwò ìrìnnà láàárín Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Nítorí náà, bí Màmá bá rí nọ́ńbà KLM lórí ìwé wọn ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ ọkọ̀ Delta ni wọ́n wọ̀ ní Amsterdam, kí wọ́n má ṣe rò pé àwọn ti ṣìnà.

Tíkẹ́ẹ̀tì kan túmọ̀ sí àdéhùn kan láti Èkó títí dé Minneapolis. Bí ọkọ̀ Èkó bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Màmá kò bá ti Delta mọ́, àwọn tí wọ́n jọ ta ìrìn náà ni yóò wá ìjókòó mìíràn fún wọn, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn fún un. Lórí tíkẹ́ẹ̀tì méjì, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Gbogbo ohun tí Delta rí ni èrò kan tí kò yọjú; ohun tó gbé ọkọ̀ KLM pẹ́ kò kàn wọ́n, wọ́n sì lè fagi lé ìyókù tíkẹ́ẹ̀tì náà pẹ̀lú ìrìn àbọ̀ tí ó wà lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ni mo kọ́kọ́ wò nínú ọ̀rọ̀ yín, físà ni. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí àwọn ilẹ̀ Schengen (àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n jọ ń lo físà kan náà, Netherlands tí Amsterdam wà wà lára wọn) ń béèrè físà lọ́wọ́ ọmọ wọn, bí ó bá tilẹ̀ ṣe pé inú pápákọ̀ òfurufú nìkan ni ó fẹ́ gbà kọjá. Òfin náà yọ ẹni tí ó ní físà Amẹ́ríkà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé sílẹ̀, nítorí náà Màmá lè pààrọ̀ ọkọ̀ ní Amsterdam láìgba físà mìíràn, níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá ti jáde kọjá ọ̀dọ̀ àwọn aṣọ́bodè. Níbí yìí gan-an ni tíkẹ́ẹ̀tì méjì ti lè há wọn mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá so ẹrù mọ́ Amsterdam nìkan, Màmá ní láti wọ ilẹ̀ Netherlands kí wọ́n tó lè gba ẹrù náà, kí wọ́n sì tún lọ fi í lé Delta lọ́wọ́, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè wọ ibẹ̀ láìní físà Schengen. Òṣìṣẹ́ orí káńtà ní Èkó lè ti rí èyí, kí ó má sì jẹ́ kí wọ́n wọkọ̀ rárá. Owó díẹ̀ tí ajẹ́ǹtì kejì fẹ́ bá yín dín kù kò tó ohun tí a lè torí rẹ̀ kó arúgbó sínú irú wàhálà bẹ́ẹ̀.

Lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, Èkó ni wọn yóò ti so ẹrù mọ́ Minneapolis. Kí ẹni tó bá sin Màmá lọ sí pápákọ̀ wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹrù náà: MSP, àmì Minneapolis, ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi tí ó ń lọ, bí ó bá jẹ́ AMS, àmì Amsterdam, ni ẹrù náà parí sí, kí ó sọ̀rọ̀ kí ẹrù tó kọjá lọ. Bí ẹrù kò bá dé, ilé iṣẹ́ tó gbé wọn kẹ́yìn ni kí wọ́n kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn kí wọ́n tó kúrò ní pápákọ̀. Àdéhùn Montreal ti ọdún 1999, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí ìrìnnà ọkọ̀ òfurufú, fún èrò láyè láti mú ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́, èyí tó kẹ́yìn tàbí èyí tí ẹrù ti bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ 7 ni ó fún ẹni tí ẹrù rẹ̀ bàjẹ́ láti kọ̀wé, ọjọ́ 21 sì ni ti ẹni tí ẹrù rẹ̀ pẹ́ kó tó dé, láti ọjọ́ tí ó bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí ajẹ́ǹtì fi ìbéèrè kẹ̀kẹ́ arọ sí orí ìrìn náà, ó kéré tán wákàtí 48 kí ọjọ́ ìrìnnà tó pé, kí ẹnì kan lè ti Màmá láti ẹnu ọkọ̀ kan dé èkejì. Kọ̀ǹpútà kì í sábà ta ìrìn tí àkókò ìpààrọ̀ ọkọ̀ inú rẹ̀ kò bá tó èyí tí pápákọ̀ náà là sílẹ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ ọ̀dọ́ ni wọ́n fi ń wọn irú àkókò bẹ́ẹ̀. Wákàtí mẹ́ta ni èmi yóò yàn fún ìyá mi.

Ohun kan kù tí ó máa ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Oníbàárà kan gbé ìwé kan wá fún mi nígbà kan, ìrìn mẹ́rin wà lórí rẹ̀ lábẹ́ orúkọ rẹ̀, ó sì dá a lójú pé tíkẹ́ẹ̀tì kan ni òun rà. Nígbà tí mo wò ó fínnífínní, tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ni wọ́n tò pọ̀ sórí ìwé kan. Nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe kóòdù onílẹ́tà mẹ́fà tí wọ́n fi ń mọ ààyè tí wọ́n gbà sílẹ̀ fún èrò, torí pé KLM lè ní tirẹ̀ kí Delta sì ní tirẹ̀ fún ìrìn kan náà, àti pé kóòdù lè wà fún ààyè tí ẹnikẹ́ni kò tíì sanwó fún, bí irú èyí tí àwọn ènìyàn fi ń wá físà. Nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ oní-díjíìtì 13. 074 ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀ bí KLM bá ni ó tẹ̀ ẹ́, 006 sì ni ti Delta. Tíkẹ́ẹ̀tì kan kì í gbà ju ìrìn mẹ́rin lọ, ti Màmá sì jẹ́ mẹ́rin géérégé, méjì fún àlọ, méjì fún àbọ̀. Nítorí náà, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ó yẹ kí ajẹ́ǹtì fi ránṣẹ́ sí yín. Bí ó bá fi méjì ránṣẹ́, tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni ó tà fún yín, ohun yòówù kí ó kọ sórí ìwé rẹ̀.