Postfix ni kí ẹ fi sínú Linux yín

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ṣètò Linux, ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà, fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ agbègbè Kétu. Ẹ béèrè bóyá Exim ni kí ẹ fi máa fi ímeèlì ránṣẹ́ láti inú kọ̀ǹpútà náà, àbí Postfix, àbí kí ẹ má tilẹ̀ fi ọ̀kankan sí i. Iṣẹ́ ìtọ́jú server ni mò ń ṣe jẹun ní Àjàṣẹ́ níbí, Postfix ni mo sì fara mọ́.

Ẹ má fi í sílẹ̀ lófìfo rárá. Bí díìsìkì bá fẹ́ bàjẹ́, smartd, ètò tí ń ṣọ́ díìsìkì, yóò kọ lẹ́tà sí root, ìyẹn ọ̀gá tí ó ní gbogbo àṣẹ lórí kọ̀ǹpútà. Bí ọ̀kan nínú díìsìkì méjì tí a so pọ̀ bá kú, mdadm, ètò tí ń bójú tó irú díìsìkì bẹ́ẹ̀, yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí iṣẹ́ tí a gbé fún cron, ètò tí ń ṣe iṣẹ́ ní àsìkò tí a dá fún un, bá kùnà lóru, òun náà yóò kọ̀wé. Wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì kan nílùú yìí nígbà tí gbogbo àkọsílẹ̀ wọn ti pòórá. Mo ṣí /var/mail/root, àpótí lẹ́tà root nínú kọ̀ǹpútà, mo sì bá lẹ́tà mdadm jọ lórí ara wọn, tí wọ́n ń kìlọ̀ lójoojúmọ́ pé díìsìkì kan ti kú, ọ̀pọ̀ oṣù kí èkejì tó tẹ̀lé e. Ẹnikẹ́ni kò kà wọ́n, nítorí kò sí ẹni tó darí lẹ́tà root sí àpótí ímeèlì tí ènìyàn ń ṣí. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí. Nítorí náà, ìlà kan ṣoṣo tí ó sọ nínú fáìlì /etc/aliases ibi tí lẹ́tà root yóò máa lọ ṣe pàtàkì ju orúkọ ètò tí ẹ bá yàn lọ. Kí Linux yín béèrè àdírẹ́sì olùtọ́jú nígbà tí wọ́n bá ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà, kí ó má sì gbà kí wọ́n fò ó.

Àwọn kan yóò dámọ̀ràn msmtp, ètò mìíràn tí ń fi ímeèlì ránṣẹ́, nítorí pé ó kéré. Ó kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kì í tọ́jú lẹ́tà pamọ́: bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já lásìkò tí ó fẹ́ ránṣẹ́, ó parí. Postfix ní tirẹ̀ a máa to lẹ́tà sórí díìsìkì, tí ó fi jẹ́ pé bí iná tilẹ̀ lọ, tí kọ̀ǹpútà kú, yóò bá a níbẹ̀ nígbà tí ó bá tún jí, yóò sì máa gbìyànjú títí di ọjọ́ 5 kí ó tó dá a padà.

Exim, tí Philip Hazel bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Cambridge ní 1995, lágbára gan-an, òun sì ni Debian, ọ̀kan lára irú Linux tó wà, máa ń mú fún ẹni tí kò bá yan òmíràn. Ṣùgbọ́n ètò ńlá kan ṣoṣo ni, agbára root sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí àlébù kan nínú rẹ̀ ní 2019, ará ìta lè tipasẹ̀ rẹ̀ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà bí ẹni pé òun ni root. Postfix, tí Wietse Venema kọ ní IBM tí ó sì jáde ní 1998, jẹ́ àkójọ ètò kéékèèké, oníkálukú pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní agbára root. Bí olè bá wọ yàrá kan, kò tíì gba ilé.

Ilé-ẹ̀kọ́ kò nílò láti máa gba lẹ́tà tààrà láti ìta, nítorí náà nínú ètò Postfix, ẹ fi inet_interfaces sí loopback-only, kí ó lè máa gba lẹ́tà láti inú kọ̀ǹpútà náà nìkan, kí ẹ sì jẹ́ kí relayhost, ibi tí Postfix ń fi lẹ́tà gbà jáde, gba ojú 587 (port, ẹnu ọ̀nà tí lẹ́tà ń gbà) lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ímeèlì tí wọ́n ń lò, torí pé ọ̀pọ̀ olùpèsè íntánẹ́ẹ̀tì ló ń dí ojú 25. Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ yọ okùn íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí root, ẹ fi àṣẹ mailq wò ó bóyá ó wà lórí ìlà àwọn lẹ́tà tí ń dúró, ẹ pa kọ̀ǹpútà kí ẹ sì tún un tàn, lẹ́yìn náà ẹ dá okùn padà kí ẹ rí i bóyá lẹ́tà náà dé ọ̀dọ̀ olùtọ́jú.