Kí ló dé tí LCD 16x2 (ojú ìfihàn kékeré onílà méjì) ń tan iná lórí Raspberry Pi (kọ̀ǹpútà kékeré), tí kò sì fi lẹ́tà hàn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ béèrè láti Kubwa, l'Ábùjá. Ẹ kọ́kọ́ fi súkúrúdíráfà yí ohun aláwọ̀ búlúù kékeré tó wà lára pátákó I2C (èyí tó ń fi wáyà méjì gba àṣẹ Raspberry Pi) lẹ́yìn LCD náà díẹ̀díẹ̀, nítorí òun ló ń pinnu bí lẹ́tà ṣe máa hàn tó. Bí ó bá jẹ́ pé àpótí dúdú nìkan ló kún ìlà òkè, àṣẹ kò tíì dé ọ̀dọ̀ LCD nìyẹn: ẹ rí i pé SDA (wáyà dátà) wà ní ẹsẹ̀ 3 lára Raspberry Pi, tí SCL (wáyà aago) sì wà ní ẹsẹ̀ 5, kí ẹ tan I2C nínú raspi-config, ibi tí a ti ń ṣètò Raspberry Pi, kí ẹ wá fi àṣẹ i2cdetect -y 1 wá àdírẹ́sì pátákó náà, tó sábà máa ń jẹ́ 0x27 tàbí 0x3F. Èyí tí mo kà sí pàtàkì jù ni pé 3.3V ni ẹsẹ̀ Raspberry Pi lè gbà, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ pátákó wọ̀nyí, bí wọ́n bá ń lo 5V, á gbé 5V náà sórí SDA àti SCL. Ẹ fi level shifter, ohun tó ń sọ 5V di 3.3V, sáàárín.