Ìlà Dansgaard nìkan kò tó fún ọ̀pá yìnyín Greenland

Àbúrò, o ní o ti rí nọ́ńbà oxygen-18 (oxygen tó wúwo ju ti gbogbo ìgbà lọ) ti ọ̀pá yìnyín Greenland gbà, ìyẹn yìnyín gígùn tí wọ́n gbẹ́ yọ látinú ilẹ̀ yìnyín ibẹ̀, o wá ń béèrè bóyá o kàn lè fi 0.69 pín wọn kí o sì pe èsì rẹ̀ ní òtútù ayé àtijọ́. Má dán an wò, pàápàá tó bá jẹ́ sànmánì yìnyín, ìgbà àtijọ́ tí yìnyín bo apá púpọ̀ ayé, lò ń wò.

Omi tí oxygen rẹ̀ wúwo ló máa ń kọ́kọ́ já bọ́ bí ìkùukùu bá ṣe ń tutù, èyí tó fúyẹ́ ló máa ń ṣẹ́kù dé ìhà òpó ayé. Willi Dansgaard ará Denmark bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgò bíà gba òjò ní Copenhagen lọ́dún 1952. Nígbà tó di 1964, ó tẹ ìlà rẹ̀ jáde, èyí tó so oxygen-18 mọ́ òtútù: nǹkan bí 0.69‰ (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ni ‰) fún dígírì kan. Ṣùgbọ́n ibi kan ló fi wé ibòmíràn, láyé òde òní. Ìwọ ń fi ìgbà kan wé ìgbà mìíràn lójú kan náà. (Má sì gbé ìlà yẹn wá sórí òjò ilé o. Lọ́dọ̀ wa, bí òjò ṣe pọ̀ tó ló ń darí oxygen-18 ju òtútù lọ.)

Ihò tí wọ́n ti yọ ọ̀pá náà ló tú àṣírí. Ẹgbẹ́ méjì ló gbẹ́ yìnyín Greenland: GRIP, ti àwọn ará Yúróòpù, gbẹ́ tiwọn dé mítà 3,029 ní 1992, GISP2, ti àwọn ará Amẹ́ríkà, dé mítà 3,053 ní 1993. Ooru kì í tètè gba inú yìnyín kọjá, nítorí náà òtútù sànmánì yẹn ṣì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n sọ ẹ̀rọ tó ń wọn òtútù sínú ihò, nígbà tó sì fi máa di 1995, àwọn onímọ̀ yìnyín Cuffey àti Johnsen pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn ti rí i pé òtútù ibẹ̀ nígbà náà pọ̀ ju ohun tí ìlà yẹn sọ lọ dáadáa; nígbà tó tutù jù lọ, ó fi nǹkan bí 20°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tutù ju tòní. Ìlà yẹn ì bá fún wọn ní nǹkan bí ìdajì rẹ̀. Àlàyé tí mo gbà jù ni pé yìnyín ìgbà òtútù kì í fi bẹ́ẹ̀ já bọ́ nígbà yẹn, tìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló pọ̀ jù nínú ọ̀pá, ìyẹn ló jẹ́ kí ó dà bíi pé ó gbóná.

Kí o tó dé ìdí ìṣírò rárá, yẹ nọ́ńbà náà wò. Ẹ̀rọ lésà tí a fi ń wọn omi dà bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi se ẹja: omi tó kọ́kọ́ wọlé lẹ́yìn rẹ̀ máa ń gba òórùn rẹ̀. Mo máa ń da èsì àkọ́kọ́ mélòó kan nù fún ìgò kọ̀ọ̀kan, mi ò sì ń to omi Antarctica tẹ̀lé ti Greenland láìfi omi míì sáàárín. Ìdérí tí kò dé dáadáa tún burú jù, torí omi tó fúyẹ́ á fò lọ, èsì á sì jọ ti ibi tó gbóná. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ní kí wọ́n wọn deuterium, ìyẹn hydrogen tó wúwo nínú omi, pẹ̀lú. Yọ nọ́ńbà oxygen-18 lọ́nà mẹ́jọ kúrò nínú nọ́ńbà deuterium. Bí àṣẹ́kù náà bá já wálẹ̀ lójijì ní ìgò kan péré, ìdérí ni kí o lọ wò.

Níbi tí òtútù ti yí padà lọ́gán, wá èsì nitrogen-15 (nitrogen tó wúwo) inú afẹ́fẹ́ tó há sínú yìnyín náà, torí òun kò gba ọ̀dọ̀ òjò kọjá. Tí o bá wá fẹ́ ya àwòrán, nọ́ńbà oxygen-18 tí o wọ̀n gan-an ni kí ó síwájú. Òtútù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, kí o sì kọ iye tí o fi pín in sí abẹ́ rẹ̀.