HLA tí ò bára mu ò sọ ẹnikẹ́ni di ọmọ àlè

Ọ̀kún o, àǹtí wa ní Kàbà. Ẹ ní àbúrò yín obìnrin fẹ́ gba kíndìnrín, wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì HLA (àmì ara sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń wò ó bóyá ara ẹnì kan á gba kíndìnrín ẹlòmíì), tiyín jẹ́ ìdajì, ti ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin ò bára mu rárá, làwọn mọ̀lẹ́bí bàbá yín bá ń béèrè pé ibo ni ìyá yín ti rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n pa ẹnu mọ́.

Èmi náà gba kíndìnrín, irú ẹ̀ sì ṣẹlẹ̀ nílé wa ní Ìsánlú. Àbúrò mi tí wọ́n máa ń ṣì pè lórúkọ mi lọ́jà, òdo ni tiẹ̀, ẹni tó padà fún mi ò sì jọ mí níbì kankan. HLA ò sí lójú, kò sì kan AA tàbí AS. Orí krómósómù kẹfà ni jíìnì ẹ̀ wà, wọ́n tò pọ̀ síbẹ̀, òbí sì sábà máa ń gbé e fọ́mọ lódindi. Bàbá ní odindi méjì, ìyá ní odindi méjì, ọmọ á mú ọ̀kan níbí ọ̀kan lọ́hùn-ún. Tórí ẹ̀, láàárín ọmọ ìyá ọmọ bàbá, ìgbà 25 nínú 100 ló máa ń bára mu pátá, 50 jẹ́ ìdajì, 25 jẹ́ òdo. Ṣẹ́ ẹ rí i pé òdo ò ṣọ̀wọ́n ju èyí tó bára mu pátá lọ!

HLA yìí ni igbá tí sẹ́ẹ̀lì fi ń pàtẹ ègé purotéènì inú ẹ̀, sẹ́ẹ̀lì T, ọmọ ogun tó ń ṣọ́ ara, á máa kọjá, á máa yẹ igbá àti ọjà wò pọ̀ (àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Zinkernagel àti Doherty ló rí èyí lára eku, wọ́n gba Nobel fún un ní 1996). Kíndìnrín ẹlòmíì gbé igbá àjèjì dé, ìjà nìyẹn.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ bíbára mu ti kíndìnrín ò le tó ti mùdùnmúdùn eegun o, ìdajì dáa, wọ́n ń lo òdo gan-an tí oògùn bá wà, èmi ṣì ń lo tèmi lójoojúmọ́ ayé. Crossmatch ni kẹ́ ẹ fọkàn sí, ìyẹn tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi ń wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ ẹni tó fẹ́ gbà á máa bá sẹ́ẹ̀lì ẹni tó fẹ́ fún un jà. Tí àbúrò yín bá ti bímọ rí, tàbí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ara ẹ̀ lè ti ní àńtíbọ́dì tó ń bá HLA ẹlòmíì jà. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà sí mi lára ṣáá nígbà tí mò ń ṣe dayálísísì (kí ẹ̀rọ máa bá mi fọ ẹ̀jẹ̀), tẹ́nikẹ́ni ò ṣàlàyé nǹkan kan, òun ni dókítà sọ pé ó fà á tí wọn ò fi lè lo ẹni tó kọ́kọ́ yọ̀ǹda fún mi. Tí ẹ̀jẹ̀ àbúrò yín bá tún lọ sílẹ̀, ẹ bi wọ́n bóyá abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lè ṣe é, kẹ́ ẹ sì rí i pé wọ́n tún crossmatch ṣe tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, torí àńtíbọ́dì tuntun lè yọ lẹ́yìn èyí tí wọ́n ṣe tẹ́lẹ̀.