Wọ́n ní kí n lọ ya X-ray àyà ọmọ mi, ọmọ ọdún 3, ní Ìdí-Àràbà. Báwo ni mo ṣe lè dín ìtànṣán rẹ̀ kù?

Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá wa. Ìtànṣán X-ray àyà kan kéré, bí èyí tí ilẹ̀ àti ojú ọ̀run ń tàn sí gbogbo wa lára láàárín ọjọ́ díẹ̀. CT scan, ẹ̀rọ X-ray tó ń yí ara ká ya àwòrán púpọ̀, ló pọ̀: ti orí nìkan lè tó ìlọ́po 100 rẹ̀. Bí dókítà bá dárúkọ CT, ẹ bi í bóyá ultrasound (tó ń fi ìró yàwòrán) tàbí MRI (tó ń fi mágnẹ́ẹ̀tì yà á) á ṣe é. Àwọn yẹn kò ní irú ìtànṣán yìí.

Àtúnyà gan-an ni kí ẹ sá fún. Ọmọ á jà, àwòrán á dàrú, wọ́n á tún un yà. Ẹ ti ṣàlàyé fún un láti ilé. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dì í mú, ẹ gba ẹ̀wù òjé wọ̀. Bí ẹ bá lóyún, kí bàbá rẹ̀ dì í mú. Bí wọ́n bá ti ya X-ray fún un rí, ẹ mú fíìmù àtijọ́ náà dání, ó lè tó dókítà lò.

Ẹ bi ẹni tó ń yà á pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìwọ̀n ọmọdé lẹ yí i sí?" Ẹ wo iná tó máa tàn sára ọmọ kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnnì: ibẹ̀ ni ìtànṣán máa dé. Àyà ni kó mọ, kó má bo orí.

Bí wọn kò bá fi òjé bo abẹ́ rẹ̀, kì í ṣe àìbìkítà. Láti 2019 ni ẹgbẹ́ onímọ̀ físíìsì ìṣègùn ní Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n má sọ ọ́ di àṣà mọ́.

Bó bá jẹ́ pé ó ń wúkọ́, tó sì ń mí gúlegúle, ẹ má fi X-ray náà falẹ̀ rárá.